Ọwọ́ Jíà

Ìró kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n mọ́ tẹ́lẹ̀: ká!
Màá fi ìka kan ti irin, ṣéènì á fò sórí eyín tó kàn,
ẹsẹ̀ mi á fúyẹ́ bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀.
Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, lórí òkè tó ti Nefasit gùn wá sí Asmara,
mo ti í, kò dún.
Mo tún ti í. Ó ń mì lófo,
bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti já.

Jíà tó wúwo jù ni mo fi gun òkè náà délé.
Kùrukùru ń tẹ̀ lé mi bọ̀ láti ọ̀nà òkun,
àwọn ọ̀bọ jókòó sórí ògiri òkúta, wọ́n ń wò mí
bí ẹni ń wo gbèsè ẹlòmíràn.

Weldegabir ò tilẹ̀ kí mi.
Ó gbé kẹ̀kẹ́ kọ́, ó fi àtàǹpàkò ti irin náà lẹ́ẹ̀mẹta,
ó ń tẹ́tí sí ohun tí kò dún.
“Ọdún mélòó?”
“Mọ́kàndínlógún.”
“Kí ló wá ń yà ọ́ lẹ́nu, Letebrhan?”

Ó tú u. Gírísì ti gan nínú rẹ̀
bí oyin tó kù sí ìsàlẹ̀ ìgò.
Eyín kan wà níbẹ̀ tí kò tó hóró ìrẹsì,
òun ló ti ń di gbogbo ìrìn mi mú láti ọjọ́ yìí,
èmi ò mọ̀ ọ́n rí.
Ó ti dán. Kò ní igun mọ́.
Mo ní ṣé kò ṣeé tún ṣe ni.
Ó fẹ́ eruku orí rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Mo kọ̀wé sí àbúrò mi Yikealo ní Bologna.
Oṣù mẹ́ta. Ìyàwó ẹnìkan ló bá mi gbé e bọ̀,
ó fi bàtà ọmọdé mẹ́rin wé e nínú báàgì.
Ọwọ́ jíà méjì, dúdú, ó ń dán, ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù tuntun.
Weldegabir ka eyín ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi: mẹ́jọ.
Ó ti irin tuntun, ó ń kà á: ká, ká, ká,
ó dé mẹ́wàá.
Ó rọra dá a padà sínú páálí.
“Ọmọ dáadáa ni àbúrò rẹ,” ó ní.
Ìyẹn nìkan ló sọ.

Ó wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ, mo gbọ́ tí agolo ń dún.
Ó mú irin méjì jáde, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ,
ti kẹ̀kẹ́ kan tó ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Ibi tí wọ́n ń so irú rẹ̀ mọ́ ṣì wà lára egungun kẹ̀kẹ́ mi,
nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eékún,
mo ti ń nù ún láti ọdún yìí wá, mi ò bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀.
Ọwọ́ òkè tó ti kú, ó fi í sílẹ̀ fún bíréèkì nìkan,
bí ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìn tì
tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ géètì.
Ó fa wáyà tuntun, ó fi eyín gé orí rẹ̀. Mo pariwo mọ́ ọn.

“Eléyìí kì í dún o,” ó ní.
“Ìwọ ni wàá máa gbọ́.”

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ojú tì mí.
Ṣéènì ń pariwo níwájú ilé ìwé bí àgbàlagbà tó ń họ ìkòkò,
Natnael, ọmọ kíláàsì mi, dí etí.
Mo fà á jù, mo dá a padà díẹ̀, mo tún fà á,
jíógíráfì ni mo ń kọ́ wọn, mo mọ ibi tí odò gbogbo wà,
mi ò mọ ibi tí jíà kẹta wà.

Lánàá, mo tún gun òkè Nefasit.
Ọwọ́ mi kúrò lókè, ó lọ sísàlẹ̀,
mi ò wò ó.
Ariwo ṣéènì dín, ó dín, ó dákẹ́.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀.

Páálí Bologna wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, lábẹ́ ìwé ìgbéyàwó.
Mo ti kọ̀wé sí Yikealo pé ó bá a mu rẹ́gí.
Ó fèsì láàárọ̀ yìí:
kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.