Ìwé Ìrìn-àjò Lórí Tábìlì Ìjẹun

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró ní Sèmè
nínú aṣọ Kọ́sítọ́ọ̀mù,
tí mò ń ṣí búùtù ọlọ́kọ̀,
tí mò ń bi wọ́n pé, "Níbo lẹ ń lọ? Kí lẹ gbé?"
Wọ́n á dáhùn, wọ́n á kọjá.
Èmi á padà sídìí bẹ́ńṣì mi.
N kò fi táyà tèmi tẹ òdìkejì rí.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí.
Máwuyọ̀n tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìjẹun,
ó fi agolo iyọ̀ tẹ etí rẹ̀ kan,
ó fi odidi àgbọn tẹ èkejì.
Iná ò sí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Àgbádárìgì
ń ká ìwé náà sókè, ó ń yọjú wò ó.

Mo ti kọ ìlú mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún:
Àjàṣẹ́, Kútọnu, Gànvìé orí omi,
Gléhwè, Pópó, Lòkósà, Àgbómẹ̀,
àti méjì tí n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè.
Ó wò ó bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù wò.
Ó ní, "Ṣé a jẹ gbèsè ni, àbí wọ́n ń lé wa?"
Ó gba bírò lọ́wọ́ mi.
Lòkósà lọ. Àgbómẹ̀ lọ.
Mo bẹ̀bẹ̀ fún Gànvìé. Ó ní,
"Omi tó wà lẹ́yìnkùlé wa ńkọ́, ta lo fi í sílẹ̀ fún?"
Ó ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ nìgbín fi ń gungi.
Mo ní ìgbín ò kúkú sanwó òtẹ́ẹ̀lì lálaalẹ́.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tún pa Kútọnu rẹ́.

Ọjọ́ kẹta, kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.
Mo ní kí la máa ṣe lọ́jọ́ náà.
Ó ní, "A ó jí. Lẹ́yìn náà a ó wò ó."

Hódonù mẹkáníìkì l'Ájárá ti pààrọ̀ búréèkì.
Ó ní Kòrólà yìí á gbé wa dé Gánà,
ṣùgbọ́n ká má ṣe sọ ọ́ létí ọkọ̀.
Mò ń kọ́ Faransé nínú fóònù: "Bọ̀nzúù. Mẹẹsí."
Máwuyọ̀n ní kí n fi ahọ́n mi sínmi,
pé Ègùn ni wọn ó fi dá wa lóhùn l'Ájàṣẹ́,
ibẹ̀ ni ìyá òun ti ń ra ìkòkò,
tí yóò rù ú wálé lọ́jọ́ kan náà.
Àwọn tó fa ìlà sáàárín wa
kò jẹun nílé wa rí.

Ìwé ni mo mọ̀. Ìwé ni mo fi jẹun.
Páàsípọ́ọ̀tù méjì, láísẹ́ńsì, ìwé ọkọ̀,
ìwé ìdójútòfò, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú,
mo tò wọ́n sínú ọ̀rá kan ṣoṣo.
Sẹ́fà wà nínú agolo mílíìkì.
Síbẹ̀ lóru, oorun ò kùn mí:
bí ọmọdé kan nínú aṣọ tí mo bọ́ sílẹ̀
bá tẹ orí bọ fèrèsé ọkọ̀ mi,
tó ní, "Bàbá, níbo lẹ ń lọ? Kí lẹ gbé?"
kí ni mo fẹ́ wí?
N ò lọ sìnkú, n ò lọ tajà.
Máwuyọ̀n yí padà nínú òkùnkùn:
"Sọ fún un pé à ń lọ jókòó níbòmíràn."

Láàárọ̀ yìí mo jáde, mo ṣí búùtù ara mi.
Jáàkì, kẹ́ẹ̀gì omi, ẹní kan,
àpò gaàrí tí n ò mọ ìgbà tó gbé e síbẹ̀.
Mo dúró díẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa,
bí mo ṣe ń yẹ tẹlòmíràn wò.
Mo pa á dé.
Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.
Táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún ṣì ń fẹ́ afẹ́fẹ́.