Ìbọ̀sẹ̀ Gbígbẹ

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi wọ bàtà ìjọba.
Lónìí, sálúbàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mi
nínú ọgbà wa ní Ránìkẹ́ẹ̀tì,
mo ń fi òkúta fọ́ àsálà.
Eékún ọ̀tún mi ti sọ fún mi láti àárọ̀
pé yìnyín yóò bọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.
Eékún kì í parọ́. Ọ̀gágun máa ń parọ́.

Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo ṣì ń jí.
Fèrè kan kò fọn, kò sẹ́ni tó ń retí mi.
Mádhùlí, ìyàwó mi, bá mi ní kíṣìnì lọ́jọ́ kan,
mo dúró ṣánṣán níwájú kẹ́tùlù tí omi ń hó nínú rẹ̀,
ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ itan.
Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún un pé
ariwo yẹn, ariwo omi híhó yẹn,
ni a máa ń gbọ́ kí yìnyín orí òkè tó ya.

Àmì ẹ̀yẹ mi mẹ́sàn-án wà nínú agolo bisikíìtì
pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnì rẹ̀.
Kò sí èyí tí wọ́n fún mi
fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Kápútẹ́ènì ni mí nígbà náà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti kún imú ọmọdé.
Ọ̀tá wà lórí òkè kejì. Oṣù mẹ́ta gbáko,
ohùn ìbọn wọn nìkan la mọ̀.
Ní òwúrọ̀ kan ìkúukùu ká nílẹ̀ bí ẹní,
mo gbé awò tí ń fa ọ̀nà jíjìn sún mọ́ni sójú:
ọmọkùnrin kan jáde, kò dé akoto,
ó gbé ìbọn rẹ̀ lé òkúta méjì bí okùn aṣọ,
ó ń sá ìbọ̀sẹ̀ sí i.
Ẹyọ méjì. Ó wò wọ́n. Ó yí ọ̀kan padà.

Sájẹ́ńtì Púshkàr Bórà ti nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi,
ìka rẹ̀ ti wà níbi tí ìka ń wà.
"Ọ̀gá, mo ti rí i."
Mo ní, "Kí lo rí?"
Ojú rẹ̀ pẹ́ lára mi.
"N kò rí nǹkan kan, ọ̀gá."
Bẹ́ẹ̀ náà ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ọjọ́ yẹn:
A kò rí nǹkan kan.

Wọ́n ní sójà kì í sá.
Irọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni sójà ń sá;
ìbọ̀sẹ̀ ló ń sá.

Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, òkè ya lù wá.
Ọwọ́ ọ̀tá kò sí níbẹ̀. Ohun funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú
ló gbé Púshkàr àti àwọn méjì mìíràn lọ
pẹ̀lú sítóòfù, pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà.
Mo kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀: akọni ni.
Méjìlélógún irú rẹ̀ ni mo kọ kí n tó fẹ̀yìn tì,
ọ̀rọ̀ kan náà, orúkọ nìkan ló ń yí.
Ìyá Púshkàr nìkan ló fèsì. Ẹlòmíràn ló bá a kọ ọ́:
"Ṣé ó jẹun kó tó lọ?"
N kò dá a lóhùn. Ẹ̀wà náà kò tíì jinná.

Àwọn òru kan wà tí mo máa ń ṣírò:
bí ẹlẹ́sẹ̀ gbígbẹ yẹn bá yìnbọn lọ́jọ́ kejì,
èwo nínú lẹ́tà mi ni tirẹ̀?
Ìṣirò náà kò wọlé rí.

Lánàá, Dígámbàr ọmọ àbúrò mi mú fọ́ọ̀mù wá,
òun náà fẹ́ wọṣẹ́ ológun.
"Bàbá àgbà, kí ni kí n mọ̀?"
Ilé dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ti gbé fóònù sókè
láti gba ọ̀rọ̀ ọgbọ́n mi sílẹ̀.
Mo ní, "Sá ìbọ̀sẹ̀ rẹ kí o tó sùn."
Ó dúró kí n parí ọ̀rọ̀.
Mo mú àsálà mìíràn.

Ó ti ń bọ́ báyìí, fúlẹ́fúlẹ́, lórí igi ápù.
Mádhùlí ń pè láti ẹ̀yìnkùlé
pé kí n tètè wá ká aṣọ.