Ìwé Ogun Emrys

Ní Llanelli, òjò ń lu páànù gáréèjì.
Ogun ti parí. Emrys ń kó àwọn ọmọ ogun
tí wọn ò ga ju àtàǹpàkò lọ
padà sínú agolo bisikíìtì.
Gethin ti wakọ̀ lọ sílé tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ó gbẹ́ pẹ́ńsùlù lẹ́nu:
"Mo da dáìsì, oókan ló yọ.
Àwọn ẹlẹ́ṣin mi kú sórí afárá."

Ó fẹ́ fi kún un pé orí ló gbe Gethin.
Ó ṣí ewé sẹ́yìn. Oṣù Kẹta: afárá.
Èṣí: afárá yìí kan náà.
Ó pa orí rẹ́.

Àgbà tó ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò,
ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí a ò kọ sílẹ̀
kì í dúró de ni.

Ọmọ ogun kan ṣẹ́kù lábẹ́ àga, ó dojú bolẹ̀.
Ó kọ ìyẹn náà.