Bẹ́líìtì

Ẹsẹ̀ òsì mi, ìwọ ni mò ń bá wí láàárọ̀ yìí.
Ọgbọ̀n ọdún la jọ gun òpó iná,
láti Láfẹ́nwá títí dé Ọ̀bàntókò,
tí mo fi bẹ́líìtì so ìbàdí mọ́ igi,
tí mo na ọwọ́ méjèèjì sí wáyà,
tí atẹ́gùn ń mi òpó, tí ìwọ kò mì.
Lókè lọ́hùn-ún, mo ń wo òrùlé Ẹ̀gbá
tó pọ́n fún ìpẹtà títí dé etí Odò Ògùn.
N kò rántí rárá pé mo ní ẹsẹ̀.

Kì í ṣe orí òpó la ti já.
Àtẹ̀gùn ilé wa ni, ní Ìtókò,
òkúta mẹ́tàdínlógún tí baba mi tò láìlo sìmẹ́ǹtì.
Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan,
gbì!
Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Mo wẹ̀yìn.
Ewúrẹ́ Ìyá Ṣóbándé nìkan ló ń wò mí,
ó ń jẹ èèpo tó kù.

Egungun jinná. Ìyẹn ò le.
Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi, fọ́tò egungun kò lè yà á:
n kò gbẹ́kẹ̀ lé ilẹ̀ mọ́.
Bí mo bá yíjú kíá, ògiri á bá mi yí.
Bí mo bá fi ṣẹ́ẹ̀tì bojú níbi tí mo ti ń bọ́ ọ,
yàrá á máa rù mí lọ bí ọkọ̀ ojú omi.
Mo wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò tíì wá gbé.

Ọmọbìnrin físíò tó wà ní Ìjàyè, Abọ́sẹ̀dé,
kò ga dé èjìká mi.
Ó ní, "Baba, ẹ dìde lórí àga, ẹ má fọwọ́ tì í."
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi, agunpó!
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dìde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àga fà mí padà.
Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé.
Ó fi àtàǹpàkò wá ẹ̀yìn orúnkún mi kiri
títí ó fi kan ibi tí ìrora sá pamọ́ sí.
Ó ní, "Ìrora kì í ṣe ọlọ́pàá, Baba.
Kì í ṣe gbogbo ìgbà tó bá pariwo lẹ gbọ́dọ̀ dúró."

Lẹ́yìn náà ló mú bẹ́líìtì jáde.
Kanfásì ni, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ní irin lẹ́nu.
Ó so ó mọ́ mi níbàdí, ó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú,
ó ní kí n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, kí n ka ẹẹ́wàá.

Ẹsẹ̀ òsì, o gbọ̀n bí ewé kókò.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Omi bọ́ lójú mi, mo ní òógùn ni.
Gbogbo ọdún tí mo fi so mọ́ igi, n kò sunkún;
ọmọ tí n kò bí ló wá di òpó mi.

Nílé, etí síńkì ni mo ń dì mú:
ọwọ́ méjì lọ́sẹ̀ kìn-ín-ní, ọwọ́ kan lọ́sẹ̀ kẹta,
báyìí, ìka kan péré.
Mo ń fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀
bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ tí kò lówó láti rà.
Ọmọọmọ mi, Fọláhànmí, ló ń bá mi kà á;
ó máa ń fo ẹẹ́fà, n kì í bá a wí.

Wọ́n ní abẹ́ òkúta ni àwọn baba wa sá sí.
Kò sẹ́ni tó sọ bí a ó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Àárọ̀ yìí, èmi àtìwọ, lókè àtẹ̀gùn.
Mo fi ògiri sílẹ̀.
Òkúta kan.
Èkejì.
Lórí ẹ̀kẹta, ayé fẹ́ yí; mo tètè gbá ògiri mú.
Ewúrẹ́ yẹn tún wà níbẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.
Kò burú. Ó ku mẹ́rìnlá.
Kò sí bẹ́líìtì níbàdí mi,
ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ṣì ń wá a.