Pátákó Ìyànà

Ẹ̀ẹ̀mẹrin la kun pátákó náà.
Irin pẹlẹbẹ kan náà, òpó méjì kan náà,
ní ìyànà Àjàṣẹ́, níbi tí ọkọ̀ Òmù-Àrán
ti ń dágbére fún ọkọ̀ Ọ̀fà.

Bàbá mi ló kọ tàkọ́kọ́; èmi mo di agolo ọ̀dà mú.
ILÉ Ẹ̀KỌ́ IṢẸ́ ỌWỌ́, funfun lórí dúdú.
Àgọ́ páànù kan ni gbogbo rẹ̀,
àti ẹ̀rọ léètì tó bá rélùwéè dé Ọ̀fà.
Ọkùnrin méjìlá ló gbé e sí lọ́rì,
ìbàdí ọ̀kan kò sì padà bọ̀ sípò mọ́.
Tísà Ọlọ́rundáre a ní: "Ẹ kan irin, kẹ́ ẹ tẹ́tí.
Èyí tó ti sán, kò mọ irọ́ í pa."

Àwọn bàbá ráhùn: ọmọ tá a ní kó lọ kàwé,
tó ń fi ọrùn gbé gírísì bọ̀ wálé!
Ìyá Sìfáwù kò ráhùn.
Ó ní ọṣẹ tó ń fọ epo náà ló ń fọ gírísì.
Ọmọ rẹ̀ fi irin àlòkù gbẹ́ eyín tuntun
fún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́,
gàrí sì dí àwọn aráhùn lẹ́nu.

Ẹ̀ẹ̀kejì, KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ. Ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n;
ó jókòó sábẹ́ igi ẹ̀mí, ó ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, PỌLÌ. Oko ẹ̀wà wa di gbọ̀ngàn,
wọ́n sún léètì sẹ́yìn ilé ẹrù, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀.
Ọdún tí owó oṣù wọn kò wọlé,
wọ́n ti géètì, koríko ga dé orúnkún pátákó.
Gbèsè ọ̀dà mi ṣì ń bẹ níbẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n ránṣẹ́: ó ti di YUNIFÁSÍTÌ.
"Ha gbogbo rẹ̀ kúrò," ni akọ̀wé wí.
Mo ha á. Lábẹ́ búlúù, àwọ̀ ewé;
lábẹ́ àwọ̀ ewé, dúdú;
nínú dúdú, Ọ kan ṣoṣo,
tí bàbá mi fi àmì ìdí rẹ̀ sí ní wíwọ́.
Ibẹ̀ lọwọ́ mi dúró. Mo kun ún mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Bí oòrùn bá ti ìhà Ọ̀fà tàn án báyìí,
Ọ náà á yọ, bí ilà ojú tí pọ́ńdà kò lè bò.

Lánàá, Sìfáwù yà, ewú ti gba orí rẹ̀,
òun ni ọ̀gá ẹ̀ka irin.
Ó fi ìka kan pátákó, ó tẹ́tí.
"Kò tíì sán."
Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n ti sanwó?"
Mo ní wọ́n ní kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.