Ọ̀nà Tí Mo Fi Òwú Wọ̀n

Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní òpópónà Matta
kò gbójú sókè tó fi dá mi lóhùn:
"Bàbá, ẹgbàá márùn-ún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje kìlómítà
láti Santiago títí dé Sídínì,
bíi wákàtí mẹ́rìnlá lójú òfurufú, bí afẹ́fẹ́ bá gbà."
Ó dárúkọ owó.
Mo dúpẹ́. Mo dé fìlà mi.
Ọ̀nà tí mo fẹ́ wọ̀n ti wọ́n kí n tó wọ̀n ọ́n.

Aránṣọ ni mí. Èmi ò mọ kìlómítà.
Téèpù ti fi ogójì ọdún rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn;
ejìká ni mo mọ̀, ìbàdí, gígùn apá,
àti irọ́ tí ikùn ọkùnrin ń pa fún bẹ́líìtì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ra ayé kan lọ́jà àlòkù Franklin,
ayé róbótó tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú,
tí orúkọ orílẹ̀-èdè tó ti túká ṣì wà lára rẹ̀.
Ẹni tó tà á fi ìwé ìròyìn wé e fún mi bí ẹyin.

Lórí àwòrán ayé tó wà lára ògiri,
èyí tí Yasna fi kàwé nígbà èwe,
òwú mi gba ojú òkun lọ tààrà:
aró, aró, aró, kò síbi ìsinmi.
Lára ayé róbótó, òwú kọ̀.
Mo fà á le, ó yọ̀;
mo tún fà á, ó sọ̀ kalẹ̀ síhà gúúsù,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan yìnyín ìsàlẹ̀ ayé
kó tó gòkè padà sẹ́nu ọ̀nà ọmọ mi.
Mo rẹ́rìn-ín. Kí ló yà mí lẹ́nu?
Aṣọ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì;
ẹ̀yìn ènìyàn, ta ló rí i kó tẹ́ rí?
Ibi tó tẹ̀ ni ọ̀nà ti ń kúrú.

Mo gé òwú náà. Kò gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Lálẹ́, Yasna pè. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀la ti mọ́;
ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì ọ̀la,
èmi ṣì ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò òní.
"Bàbá, Nahuel tún ti ga sí i."
Téèpù tí mo dì sínú ẹrù rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn páálí sìgá, mo gé kákí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rán ṣòkòtò sí ọmọ yẹn,
ẹ̀ẹ̀mejì ló dé tó dúró sókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ẹrù ìfìwéránṣẹ́ a máa lọ́ra;
egungun ọmọdé kì í dúró de ẹnikẹ́ni.
Lọ́tẹ̀ yìí, mo ká etí rẹ̀ sínú,
ìka mẹ́ta gbáko,
mo fi òwú tó gba ẹ̀gbẹ́ yìnyín kọjá yẹn rán an,
láìdì í jù, kí ìyá rẹ̀ lè rí i tú.
Ó tán kí n tó dé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo mú òmíràn.

Bí ẹ bá wá bi mí bí Sídínì ṣe jìn tó,
ìka mẹ́ta ni.
Mo kó o sínú àpò, mo lẹ̀ ẹ́ pa.
Ní òru, mo dìde, mo ya àpò náà,
mo tú u, mo sọ ọ́ di mẹ́rin.