Téèpù Kò Mọ Èémí

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń yí téèpù mọ́ ọmọ aráyé lára
nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkè-Àdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàtà.
Ìwé ńlá kan wà lábẹ́ tábìlì:
àyà, èjìká, ìbàdí, gígùn apá.
Àwọn tó ti kú ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìdí wọn.
Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń wo oníbàárà,
màá ní, “Mẹ́rìndínlógójì,”
téèpù á sì jẹ́rìí mi.
Mo rò pé mo mọ ara.

Lọ́jọ́ Alámísì kan, Mùlíkátù wọlé, ẹnu ọ̀nà kún dí.
Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi ẹsẹ̀ pín lẹ́tà
kó tó fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀.
Ìbàdí: mọ́kàndínláàádọ́ta.
Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa gé oúnjẹ alẹ́ bí a ṣe ń gé aṣọ.”
Mo na ara mi tín-ín-rín níwájú dígí,
mo ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fádìyẹ.
Kò bínú.
Ó ní, “Abẹ́rẹ́ kì í dá rìn, ọwọ́ ló ń tì í.
Jẹ́ ká jọ gun Láyípo ní Sátidé.
Bí mo bá ṣáájú rẹ, ọ̀fẹ́ ni bùbá méjèèjì.”

Bẹẹrẹ la ti bẹ̀rẹ̀ sí rìn.
Ojúlé kọ̀ọ̀kan ló ń kí:
ibí ni ajá wọn ti fa òun láṣọ ya,
ibí ni wọ́n ti máa ń bu omi tútù fún òun.
Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gun òkè.
Èmi ń dáhùn “hùn-ùn”, nítorí gbólóhùn gígùn
ti di ẹrù tí mi ò lè gbé.

Nínú Láyípo, àtẹ̀gùn ń yí bí òwú lára bọ́bìnnì.
Mo ka mẹ́tàlá, mo ka mẹ́rìndínlógún,
òǹkà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.
Ọkàn mi ń lu egungun àyà
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò séèyàn.
Mo jókòó, mò ń mí helehele.
Ọmọ iléèwé kan fò mí kọjá, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́.”
Ohùn kan ti òkè wá:
“Télọ̀! Ṣé kí n ju okùn sí ọ?”

Kí n má purọ́ o,
nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ó di ògiri mú.
Orúnkún ọ̀tún ń ro ó, ẹrù tó ń gbé kì í ṣe kékeré.
Nọ́ọ̀sì kan ní Adéọ̀yọ́ ti sọ fún un pé:
ẹsẹ̀ yín le, èémí yín gùn,
ṣùgbọ́n ẹ bá ikùn yẹn wí.
Ó ní òun ń bá a wí lójoojúmọ́, etí ikùn ló di.

Lóru, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí téèpù mọ́ ara mi.
Sòkòtò tí mo rán lọ́dún tí mo gbéyàwó, ọgbọ̀n ni.
Lọ́dọọdún ni mò ń tú ojú ìrán ẹ̀yìn rẹ̀,
mo ń fi díẹ̀ kún un,
mi ò sì kọ ọ́ sínú ìwé.
Apá bí igi ìṣáná, ẹsẹ̀ bí ti lékeléke,
àárín nìkan ló yọ roboto:
ejò tó gbé ẹyin mì.
Ejò tín-ín-rín laráyé ń rí.
Èmi tí mò ń rán sòkòtò ni mo mọ̀ nípa ẹyin.

Mo ṣí ìwé ńlá, mo fa ìlà tuntun kan
tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò fà rí.
Mùlíkátù: ìbàdí mọ́kàndínláàádọ́ta. Láyípo, kò dúró.
Èmi: ìbàdí mẹ́tàdínlógójì. Láyípo, mo dúró lẹ́ẹ̀mẹrin.

Bùbá méjèèjì ti délé oní-ǹkan.
Ní ìdájí Sátidé, mo máa ń bọ́ sí Òkè Àrẹ̀,
mi ò sọ fún oníbàtà.
Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró.